Gbèsè Tí Scrooge Kò Kọ Sínú Ìwé

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 1843, Charles Dickens gbé ìwé kékeré kan jáde nílùú London, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní A Christmas Carol. Ẹ̀dà 6,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ti tán kí ọdún Kérésìmesì tó kò. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń rántí nínú rẹ̀ ni ahun kan, Ebenezer Scrooge, tí àwọn ẹ̀mí bẹ̀ wò lóru, tí ó sì jí di ọlọ́rẹ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó wà nídìí ìtàn náà.

Dickens mọ ohun tí gbèsè ń ṣe. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n ti baba rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní ọdún 1824 nítorí owó tí ó jẹ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò èròjà ìkunbàtà, ó ń gba ṣílè 6 lọ́sẹ̀.

Nínú ìwé náà, ṣílè 15 lọ́sẹ̀ ni Scrooge ń san fún akọ̀wé rẹ̀, Bob Cratchit, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà. Yàrá ọ̀gá ni àpótí èédú wà. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ bù ú kún iná tirẹ̀. Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ní London, inú òtútù ni òṣìṣẹ́ wà.

Nígbà tí ọkùnrin méjì wá tọrọ owó fún àwọn aláìní, Scrooge bi wọ́n bóyá ẹ̀wọ̀n ti tán nílùú, bóyá kò sì sí ilé tí ìjọba ń kó òtòṣì sí láti ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ mọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Lábẹ́ òfin ọdún 1834, wọ́n ń ya ọkọ nípá sí aya níbẹ̀, wọ́n sì ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí. Owó Scrooge wà lára ohun tí wọ́n fi ń bójú tó o. Lójú tirẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí àwọn òtòṣì bá fẹ́ kú, ó ní kí wọ́n kú, kí èrò lè dín kù.

Lóru ọjọ́ náà ni ìṣirò yí padà. Jacob Marley, alábàáṣòwò rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún 7, fara hàn án, ó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n tí a fi kọ́kọ́rọ́, àpótí owó àti ìwé ìṣirò rọ. Lẹ́yìn èyí ni Scrooge rí Tiny Tim, ọmọ Bob tí ń fi ọ̀pá rìn. Ó béèrè bóyá ọmọ náà yóò yè, ẹ̀mí náà sì dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nípa èrò tí ó pọ̀ jù padà fún un. Ojú tì í. Nígbà tí ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ẹni tí ikú òun kàn lára hàn án, tọkọtaya kan tí ó jẹ ẹ́ lówó ni ó rí. Ara tù wọ́n pé ó kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi tòlótòló ńlá ránṣẹ́ sí ilé Bob láì dárúkọ ara rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó pàdé ọ̀kan nínú àwọn tí ó lé lọ, ó sọ iye tí òun yóò dá sí i létí, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ owó tí ó ti yẹ kí òun san tipẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ayánilówó ti rí i pé onígbèsè ni òun.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi kún owó iṣẹ́ Bob, ó sì ní kí ó lọ ra àpótí èédú mìíràn. Ẹran tòlótòló kì í pẹ́ tán. Owó iṣẹ́ tí ó tọ́ ń wọlé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó ń pín oúnjẹ ọdún fún aláìní, tí owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì dé ibi tí Scrooge dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 yẹn.