Aṣọ Tí Ọmọ Yóò Fi Bora Létí Ọ̀sà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọdún Káyòkáyò bá ti ń sún mọ́lé ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ a máa bèèrè bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn kí wọ́n fi ìtàn náà ṣeré, kí wọ́n tilẹ̀ pàgọ́ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Aṣọ ìbora tí à ń dì fún wọn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

December 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. 1862 ló tó padà. Kò sí búláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí wọ́n ya kìnnìún sí nínú ọkọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Aṣọ òwú ló wọ́pọ̀ láàárín wọn, irú kíjìpá tó nípọn, tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Àgùntàn tiwa kò nírun tó ṣeé ran. Àwọn Fúlàní etí odò Ọya ní Mali ló ń fi irun àgùntàn hun aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní kaasa, torí òtútù àti ẹ̀fọn. Tó bá jẹ́ ogun Ìkòròdú ti 1865 làwọn ọmọ ń ṣe, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì sì wá lé wọn, ọmọ tó bá ṣe sójà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo lè gbà kó fi irun àgùntàn bora.

Ẹ má dá ra aṣọ náà fún wọn. Ẹ mú ọmọ dání lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, kó fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá délé, ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣáná sí i lórí àwo irin. Òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe á yọ́, á sì dì ní kókó líle. Kókó yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ni lára bí iná bá ta sí i. Kò yẹ kó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná. Òwú náà ń gbiná, nítorí náà kí ọmọ jìnnà sí ààrò. Bí ìrì bá sì rin ín, kò ní móoru mọ́, irun àgùntàn sàn jù ú níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní tó dáa sísàlẹ̀, kí ẹ sì di aṣọ ìbora kejì pamọ́ sínú ọ̀rá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò sí nínú ìtàn Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ so ó.

Bí kíjìpá bá wà nínú àpótí ìyá àgbà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó lọ kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀. Kó bèèrè ẹni tó hun ún, kó bèèrè ìgbà tí ìyá fi pọn ọmọ. Bí ìyá bá ní òun ò lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí ọmọ dúpẹ́ kó dìde. Bó bá rí i yá, kó fọ̀ ọ́, kó sá a síbòòji, kó ká a, kó sì dá a padà kí ìyá tó béèrè.