Ẹjọ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Owó Ilẹ̀ Òyìnbó

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, ẹjọ́ kì í rìn jìnnà. Ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, àwọn àgbà ilé á ti gbọ́ ọ, wọ́n á ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó kírun ìṣáì. Ọ̀kan wà tí n kò gbàgbé. Obìnrin kan kó aṣọ fún aláró. Nígbà tó wá gbà á, ó ní èyí kì í ṣe tòun, ni ariwo bá sọ. Baálé jẹ́ kí àwọn méjèèjì rojọ́ tán, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe ìyá àgbà kan tó ti ń rẹ aró láti kékeré. Ìyá tẹ́ aṣọ náà sí oòrùn, ó fọwọ́ ra etí rẹ̀, ó wo ojú abẹ́rẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ aláró yìí ni o, àmọ́ aṣọ ará ilé kejì ni." Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bá aṣọ tí wọ́n ń wá. Aláró kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Oníbàárà san owó iṣẹ́. Nígbà tí ọdún tún dé, ọ̀dọ̀ aláró yẹn náà ló kó aṣọ lọ.

Bákan náà ni láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà nígbà náà. Àwọn Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn kì í pe ọlọ́pàá sí gbèsè. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí, ìtìjú á sì mú un san owó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Àlejò tí kò ní ẹbí láàárín ìlú kì í sábà jàre, ọ̀rọ̀ obìnrin sì lè má wọ̀ létí àwọn àgbà bó bá jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ń bá jà. Kọ́ọ̀tù wúlò fún irú wọn, n kò sì ní kí a tì í pa.

Àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí lónìí. Ọ̀rọ̀ kékeré á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ó di kọ́ọ̀tù májísíréètì l'Óṣogbo. Bí ọmọ ẹni kò bá rí oníduùró, Iléṣà ni wọ́n ń gbé e lọ sí àtìmọ́lé, owó ọkọ̀ sì di ti ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí ò wá. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Lọ́jọ́ mìíràn, agbẹjọ́rò ìjọba ò wá. Wọ́n tún sún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ẹnu ògbufọ̀ ni bàbá àgbà ti ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. A kì í sì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Àwọn ará òkèèrè gbìyànjú láti ràn wá lọ́wọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé owó kalẹ̀, UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, sì fi ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ètò ìdájọ́ títí di 2017. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n mú. Inú mi dùn sí i. Ó dára kí adájọ́, ọlọ́pàá, wọ́dà àti lọ́yà ìjọba jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tó dá ẹjọ́ dúró. Àmọ́ ní 2015, nígbà tí iṣẹ́ yẹn ń lọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun lo oṣù mélòó kan láìgba owó oṣù. Adájọ́ obìnrin kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nípa owó oṣù yìí. Nígbà tó di 2016, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Orílẹ̀-èdè ní kó fẹ̀yìn tì nítorí ìwé yẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, JUSUN, tún ti gbogbo kọ́ọ̀tù pa káàkiri Nàìjíríà láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2021 títí wọ oṣù Kẹfà, nítorí àwọn gómìnà ò jẹ́ kí owó kọ́ọ̀tù dé ọwọ́ kọ́ọ̀tù. Ẹni tó wà l'átìmọ́lé Iléṣà nígbà náà, ta ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Kò sí owó Yúrò tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Iṣẹ́ mìíràn tí Yúróòpù gbé wá ní 2017, tí wọ́n ń pè ní RoLAC, mílíọ̀nù 25 Yúrò ló gbé dání, British Council ló bójú tó o. Adamawa, Anambra, Ẹdó, Kánò, Èkó àti Àbújá ni wọ́n mú. Ọ̀ṣun ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Èkó ti dá ilé ìlàjà sílẹ̀ nínú ọgbà kọ́ọ̀tù láti 2002, níbi tí àwọn méjì tó ń jà ti ń jókòó pẹ̀lú onílàjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, baálé wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tó ń ṣe lórí ẹní ni wọ́n fi òfin gbè lẹ́yìn yẹn, tí obìnrin àti àlejò náà sì lè jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Óṣogbo, ẹ má dúró de òyìnbó mọ́. Bí ẹ bá ń ka ìṣirò owó ọdún tó ń bọ̀, ẹ wo iye tó wà fún ìlàjà, fún ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè dáadáa, àti fún lọ́yà ọ̀fẹ́ ní Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí owó náà dé ọwọ́ kọ́ọ̀tù.