Ẹmu Àná

Ní búkà wa ní Àgbádárìgì, bí oníbàárà bá jókòó tó ní kí a gbé ẹmu wá, ìbéèrè ni bàbá mi máa fi dá a lóhùn: “Ẹran wo lẹ fẹ́ jẹ?” Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ó ń fi ọgbọ́n ta ẹran ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn á dárúkọ ẹran tí wọ́n fẹ́, wọn á sì dúró kó yan kẹ́ẹ̀gì tí yóò ti bu tiwọn.

Bàbá mi ń dá ẹmu, màámi ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọ́n ṣe pàdé ara wọn gan-an nìyẹn, nítorí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ìyá màámi ni bàbá mi ti ń ta ẹmu nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ègùn ni màámi, àwọn èèyàn rẹ̀ kì í sì í fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré bí ayẹyẹ bá dé. Apá Ìpókíá ni bàbá mi ti wá. Èmi ni àkọ́bí wọn. Kí n má purọ́, inú mi kò dùn sí iṣẹ́ yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé girama. Àwọn kan nínú kíláàsì mi ń pè mí ní “Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀.” Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí kò lè fọwọ́ kan ẹran náà, ló máa ń gbèjà mi. Títí di òní, bó bá wá sílé wa, ìta lábẹ́ igi àgbọn la ti ń ka ìwé, màámi á sì fi ife tó yà sọ́tọ̀ bu omi fún un.

Màámi kì í sin ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1997, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ibà ẹlẹ́dẹ̀ jà ní ilẹ̀ Benin, ó sì ré ẹnubodè kọjá wá sọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Àrùn náà kì í mú èèyàn, ṣùgbọ́n kò ní oògùn, ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sì kọlù, ó ṣòro kó yè é. Kò pẹ́ tí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ìyá rẹ̀ fi ṣófo. Láti ìgbà náà, rírà ni wọ́n ń ra ẹran tí wọ́n ń tà. Èrè tó wà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹmu ló ń mú kí àpò wúwo díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bàbá mi ń ṣe gbọ́dọ̀ mọ bí ẹmu ṣe ń dàgbà. Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ sínú agbè kò tíì di ọtí. Ó kàn ń dùn ni, bí omi ìrèké. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè, kì í sì í sùn. Òun ló ń jẹ ṣúgà inú omi náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí, tó ń mú kó hó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn kòkòrò mìíràn tí ojú lásán kò lè rí á gba iṣẹ́ náà ṣe, wọn á sọ ọtí di kíkan bíi fínígà. Kíláàsì báyọ́lọ́jì ni mo ti kọ́ èyí. Bàbá mi kò kà á níbì kankan, ṣùgbọ́n bó bá gbé etí lé ẹnu kẹ́ẹ̀gì, á sọ fún ọ bóyá ti àárọ̀ ni tàbí ti ọ̀sán.

Pẹpẹsúpù ẹlẹ́dẹ̀ màámi máa ń ta gan-an. Ẹmu àárọ̀, tó ṣì ń dùn, tí ọtí inú rẹ̀ kò tíì le, ni bàbá mi máa ń bù sí i. Ọtí líle a máa dá kún jíjó tí ata ń jóni lẹ́nu. Adùn ló ń pẹ̀tù sí i. Ẹran itan tí a sun lórí ẹ̀yinná, tí kò lọ́ràá púpọ̀, tí a gé àlùbọ́sà tútù lé, tí a fi ẹ̀kọ àti ata gígún tì, ẹmu ọ̀sán tó ń hó lọ́wọ́ ni tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ògùrọ̀ tó wá láti inú àbàtà ló máa ń bù sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣọ́ ọ lò, nítorí igi ògùrọ̀ kì í yọ òdòdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀, tí wọ́n bá sì ti dá a tán, kíkú ló kù. Ìfun ńkọ́? Bàbá mi ní omi tútù ló bá ìfun mu, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ìfun. Màámi kò gbà, wọn ò sì tíì parí àríyànjiyàn náà.

Orí ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi gbẹ̀yìn, nítorí òun làwọn èèyàn torí ẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti àárọ̀ ni màámi ti ń sè é kó tó sun ún. Etí rẹ̀ á máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa yọ́. Ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rá a sì máa bo ahọ́n, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ègé mẹ́ta, èèyàn kò ní mọ adùn ẹran mọ́. Ohun kíkan ló lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi kì í gbé ẹmu fún ẹni tó ń jẹ orí títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á fi lù, tí ẹmu á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan díẹ̀.

Mo ti máa ń rò pé àrà tí bàbá mi kàn ń dá ni gbogbo èyí, títí àbúrò màámi obìnrin, tó ń gbé ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, fi wá kí wa. Ó ní àwọn ará agbègbè ibẹ̀ máa ń fi iyọ̀ sí kábéèjì, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á wá sè é pọ̀ mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti sọ́séèjì. Choucroute ni wọ́n ń pè é. Wáìnì funfun kan tó ń jẹ́ Riesling, tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sísun, àwọn kan á fẹ́ wáìnì pupa tí kò le, irú Pinot Noir. Ó mú ìgò Riesling kan bọ̀. Bàbá mi jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó mu díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún mu díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èyí àti ẹmu wa, ọmọ ìyá ni wọ́n.” Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: wáìnì yẹn lè jókòó sínú ìgò fún ọdún púpọ̀ láìbàjẹ́.

Tiwa kò ju ọjọ́ kan lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo wà ní SS3, wọ́n ń ṣe òkú àgbà kan ní àdúgbò wa. Bàbá mi ti lọ sí Àjàṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì nítorí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò yá. Ó ti bá adẹ́mu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá fún wa, ó sì fi ìdí ẹmu lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ mọ́jú, ara ọ̀pẹ ń yọ̀, ọkùnrin náà kò lè fi igbà gun gbogbo ọ̀pẹ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló gbé dé. Kẹ́ẹ̀gì mìíràn wà ní kọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹmu àná ni. Bàbá mi ti kìlọ̀ kó tó lọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù ú, pé ọkùnrin tó ń se ọtí tí àwọn ará Benin ń pè ní sódábì ló máa wá gbé e.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, búkà ti kún dẹ́nu ọ̀nà. Màámi wà nídìí iná, kò ráyè wo ẹ̀yìn. Owó WAEC mi kù díẹ̀ kó pé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni gbèdéke. Mo wo kẹ́ẹ̀gì tó ń tán lọ, mo wo èyí tó wà ní kọ̀rọ̀. Mo da ẹmu àná mọ́ ti òní, mo bu omi lé e, mo sì da ṣúgà sí i kó má baà kan. N kò tọ́ ọ wò, n kò tíì mu ẹmu rí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹmu tuntun, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n orí mi. N kò rántí ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì pé oúnjẹ tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún ìwúkàrà.

Mo tà á tán. Igbá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kọ sínú ìwé mi. Owó WAEC pé, ó lé.

Ní nǹkan bí agogo márùn-ún, Bàbá Tíṣà dé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì máa ń wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn wọn lábẹ́ abíyá. Wọ́n ní kí n gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ wá. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n gbé igbá sẹ́nu, wọ́n sì rọra gbé e kalẹ̀. Wọ́n tún jẹ ègé kan, wọ́n tún mu. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àwo kan bo ẹran náà lórí, wọ́n san owó tó pé, wọ́n ní, “Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Bá mi kí bàbá rẹ tó bá dé.” Wọn ò bínú, wọn ò bú mi. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ọjọ́ Ajé ni bàbá mi dé. Ó béèrè bóyá ọlọ́tí ti wá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Ọjọ́bọ̀ ni ọlọ́tí yọ sí wa lójú mi, ó ní òun wá gbé ẹmu àná tí wọ́n fi pa mọ́ fún òun, kí a má bínú pé ó pẹ́. Bàbá mi wò mí. Kò na ọwọ́ sí mi. Ó ní kí n mú ìwé tí mo kọ ọ́ sí wá, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bi mí pé àwọn wo ló mu mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà. Orúkọ mọ́kàndínlógún ni mo lè rántí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi ń bu igbá ẹmu kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí mo dárúkọ láìgba kọ́bọ̀. Bó bá ti gbé e fún wọn, á ní, “Ti Sátidé ọjọ́sí kò dáa. Ẹ gba èyí.” Kò sọ pé èmi ni. Èmi ni mo mọ̀ pé èmi ni, bí mo ṣe ń fọ igbá lẹ́yìn. Owó WAEC mi bá a lọ. Màámi bẹ ẹni tí èésú kàn nínú ẹgbẹ́ wọn pé kó jẹ́ kí òun kó o ṣáájú, òun ló sì fi sanwó fún mi nígbà tó ku ọjọ́ kan.

Bàbá Tíṣà kò wá ní gbogbo ìgbà yẹn. Ní Sátidé kẹta, bàbá mi mú mi lọ sílé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá béèrè bí ìgbà tí tíṣà bá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì:

“Kí lo fi ṣúgà sí i fún?”

“Kó má baà kan ni, sà.”

“Orí ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń jẹ. Kíkan rẹ̀ gan-an ni mo bá wá.” Wọ́n yí sí bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n tún yí sí mi. “Ká ní o gbé ẹmu àná yẹn fún mi bó ṣe wà, tí o sì sọ fún mi pé ti àná ni, ó ṣeé ṣe kí n mu ún.”

Nígbà tí a délé, bàbá mi gé ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí n jẹ ẹ́. Ó fi ṣíbí kán ẹmu kíkan díẹ̀ sí mi láhọ́n, ó ní kí n tu ú dànù. Ahọ́n mi mọ́, ó sì ń wù mí kí n tún jẹ ẹran. Mo jẹ ègé mìíràn, ó wá kán ẹmu tó ti fi ṣúgà sí. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà lẹ́nu mi bí ìgbà tí èèyàn bá fi oyin pa òróró. N kò lè gbé e mì, èébì ń gbé mi. Màámi tó ń wò wá láti ìdí iná ní ó tó bẹ́ẹ̀, pé ọmọdé ni mí.

Bàbá Tíṣà padà wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí agogo mẹ́ta tó lù. Bàbá mi wà lórí ọ̀pẹ, èmi ni mo wà nídìí kẹ́ẹ̀gì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n gbé ẹmu wá.

“Ẹran wo lẹ fẹ́ jẹ, sà?”

“Orí ni.”

Mo gbé etí lé ẹnu kẹ́ẹ̀gì. “Ti àárọ̀ yìí nìyí, sà, ó ṣì ń dùn. Ẹ máa dúró di agogo mẹ́rin.”

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n sì ṣí ìwé ìròyìn wọn.