Gìtá Oníná Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Ó Yẹ Ká Náwó Lé E?

Kò sí sáà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í wá bá mi ní Oyè kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí gìtá oníná kan tí owó rẹ̀ kò ga. Ṣé kí n rà á, kí n máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, àbí kí n ní sùúrù títí owó gidi yóò fi wọlé?" Ìbéèrè yìí ti pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn mi síbi tí gbogbo wa ti lè kà á, títí kan ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí àwọn àbúrò yín ń tọrọ owó gìtá lọ́wọ́ yín.

Ìdáhùn mi kò gùn. Bí ọrùn gìtá náà bá tọ́, rà á. Bí ọrùn rẹ̀ bá lọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ, má gbà á.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, torí mo mọ bí ó ṣe rí. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, mo padà sílé ní Ìpáò, mo sì kọ ebè iṣu sí ẹ̀gbẹ́ oko ìyá mi. Ọjà Ìkọ̀lé ni mo ti ta iṣu náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, gbogbo owó ọwọ́ mi kò ju ₦80,000 lọ, owó ilé mi sì wà nínú rẹ̀. Mo rí gìtá tòkunbọ̀ kan ní Adó-Èkìtì ní ₦38,000. Ìyá mi bi mí bóyá igi ni n óò gbé fún onílé nígbà tó bá dé. Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀rín kọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọrùn? Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé lórí dò, re, mí ni Yorùbá dúró. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn ló yà wọ́n. Nínú orin jùjú, gìtá kì í kàn ṣe ariwo sábẹ́ orin: ó ń sọ̀rọ̀ bíi gángan, ó ń pe olórin, ó sì ń dá a lóhùn. Gìtá tí ohùn rẹ̀ kò dúró sójú kan, bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo ló rí. Kò sí ọ̀dà tàbí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè bo èyí, ọrùn gìtá ni ohùn sì ti ń dára tàbí bàjẹ́.

Nítorí náà, gbé e sókè bí ọdẹ ṣe ń fi ìbọn wo ẹran, di ojú kan, kí o wo ọrùn náà láti ìdí dé orí. Bí ó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, kò burú. Irin kan wà nínú ọ̀pọ̀ ọrùn gìtá tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi tọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí apá kan ga ju èkejì lọ, gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá, kí o ta á. Wá tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí o tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Fóònù rẹ lè bá ọ wọ̀n ọ́n. Bí èyí tí o tẹ̀ bá ga jù, irin kékeré tí okùn gùn lé ní ìdí gìtá ni kí o fi ìṣó rẹ̀ fà sẹ́yìn, kí okùn lè gùn sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò sì gba kọ́bọ̀.

Àtúnṣe gìtá kì í ṣe àṣà àjèjì. Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ gìtá onígi rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má baà rì sábẹ́ ìlù. Ibẹ̀ ni jùjú oníná ti bẹ̀rẹ̀: gìtá lásán tí ẹnì kan tún ṣe. Lókè òkun pẹ̀lú, oníṣẹ́ rédíò ni Leo Fender ní ìlú Fullerton ní Amẹ́ríkà kó tó di ẹni tó ń ṣe gìtá. Ìṣó ló fi de ọrùn mọ́ ara gìtá tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1954, Stratocaster, kó lè rọrùn láti tú. Àwòṣe rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gìtá pọ́ọ́kú tí ẹ ń rí lọ́jà. Mdou Moctar, ará Niger tí gbogbo ayé ń pè síbi orin báyìí, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe okùn gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyí. Okùn tuntun: ₦2,500. Ọ̀rá líle ló gbé okùn dúró lórí ọrùn, okùn sì ń há síbẹ̀. Mo gba egungun màlúù lọ́dọ̀ alápatà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sè é, mo sá a, mo sì gbẹ́ ẹ rọ́pò rẹ̀. Sáńpépà tí mo fi dán an, tí mo sì fi pa ẹnu àwọn fret tó ń họ ọwọ́ nígbà ọyẹ́: ₦400. Gìtá náà ń kùn bí agbo oyin bí mo bá so ó mọ́ sípíkà, mo wá fi fóìlì tí wọ́n fi ń wé mọ́ínmọ́ín tẹ́ inú rẹ̀: ₦900. Ìṣó ni mo fi de wáyà mọ́ fóìlì, torí lẹ́ẹ̀dì kì í mú un. Wáyà tuntun àti ojú ihò tí à ń ki okùn iná bọ̀: ₦1,800. Oníṣẹ́ rédíò ní Ìkọ̀lé tó bá mi jó wáyà gba ₦1,500. Àpapọ̀ àtúnṣe jẹ́ ₦7,100. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, ₦45,100.

Ẹ kíyè sí ohun tí mi ò ṣe. Mi ò kun ún lọ́dà, mi ò sì pààrọ̀ òòfà tó ń gba ohùn, torí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìlànà mi ni pé owó àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí o fi rà á lọ. Ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó máa san owó ọ̀dà rẹ fún ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó sàn kéèyàn fi ọdún méjì kó owó jọ, kó ra èyí tó dára lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣófo: gìtá tó dára kì í béèrè wàhálà púpọ̀, ó sì ṣeé tà. Ṣùgbọ́n kí ni ọwọ́ yóò máa ṣe fún ọdún méjì náà? Ìka tí kò fọwọ́ kan okùn kò lè mọ orin. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ kan lọ síbi òkú àgbà àti ìgbéyàwó ní Ìtàpá, ní Ayégbajù, ní Ìlúpéjú. ₦4,000 ni wọ́n ń fún mi lóde kan. Òde kejìlá ni owó gìtá pé, onílé mi sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Èyí tó jọ mí lójú jù wà nílé. Ní ìjọ ìyá mi ní Ìpáò, kíbọ́ọ̀dù ti gba ipò gìtá. Bí iná bá lọ, orin dákẹ́. Sípíkà kékeré tèmi ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, méjèèjì ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ń kọ́ ọ lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìsinmi, ọmọbìnrin náà sì ti ń fi gìtá pe orúkọ àwọn àgbà ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà sì ń dáhùn. Bí mo bá ṣì ń kó owó gìtá gidi jọ, kò sí ohun tí wọn ì bá fi kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí o bá rí ọ̀kan, má tíì sanwó. Pè mí, ká jọ lọ wo ọrùn rẹ̀.