Ta Ló Ń Wo Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà?

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí yóò yẹ ọmú ọ̀hún wò, bóyá wàrà ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí ó ti gbẹ. Ẹ̀kọ́ tí obìnrin kan lọ kọ́ ní Talladjé, ní ìlú Niamey, nígbà ooru ọdún 2024 nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀; òwò ni ó gbé wọn dé orílẹ̀-èdè Niger. Nígbà tí bàbá kú, ìyá kò padà sílé. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Talladjé ni ó ń gbé títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní tirẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun, ilẹ̀kùn tí wọ́n tún tì ní oṣù keje ọdún 2025, ni ó rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan.

Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ilé tó mọ́ tónítóní kọ́ ni ẹ̀rí ìtọ́jú. Àwọn tó wá kí òbí wọn a máa yin òdòdó ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ Care Quality Commission, àjọ tó ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò láti ọdún 2009, kì í wo òdòdó. Ìbéèrè márùn-ún ni tiwọn: ṣé kò séwu níbẹ̀? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n ń fi àánú ṣe é? Ṣé ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan nílò ni wọ́n ń ṣe fún un? Ṣé ẹni tó ń darí ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀? Wọn a tú ìwé àkọsílẹ̀ wò, wọn a bá àwọn arúgbó fúnra wọn sọ̀rọ̀, wọn a sì gbé èsì jáde kí gbogbo ayé kà á.

Iṣẹ́ obìnrin yìí lóru ni láti yí àwọn tí kò lè yí ara wọn padà, kí ó sì wo gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí wọn, nítorí pé ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ ni ìdùbúlẹ̀ lójú kan ti ń dá egbò sí.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a pe Talladjé. "Màmá ńkọ́?" "Màmá wà dáadáa." Fóònù a fi ojú ìyá hàn án, a fi ẹ̀rín rẹ̀ hàn án, kò fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án rí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, tí àjọ ECOWAS fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè náà, tí Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń fún wọn, ìrìn àjò rẹ̀ fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n mú ìyà náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ó tó lọ.

Ó bá yàrá tí wọ́n gbá, ìyá tí wọ́n wẹ̀ fún, páúdà lọ́rùn, aṣọ tuntun lára. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó yí ìyá rẹ̀ padà. Egbò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé wà ní ìdí rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Nínú ooru tó ń ta ara bí iná, omi díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń fún un, kí aṣọ má baà máa tutù. Bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà kí ó tó béèrè.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ni à ń wò."

Ẹ̀gbọ́n ní ilé arúgbó ni ti ẹni tí kò bímọ, pé àwọn kò ní gbé ìyá àwọn jù síta. Àbúrò dáhùn pé: "Bùọ̀dá mi, àwọn tí mò ń tọ́jú lọ́hùn-ún náà bímọ. Ẹni tó bímọ, tó ń sùn lójú kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí la fẹ́ pe tirẹ̀?"

Ẹkún tó sun lóru ọjọ́ náà kì í ṣe nítorí ìyàwó ilé. Òun tó mọ ìbéèrè kò béèrè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá wẹ egbò náà, ó sì dì í. Wọ́n so ìwé kan mọ́ ògiri: agogo tí wọ́n yí ìyá, ìhà tí wọ́n yí i sí, iye ife omi, bí awọ rẹ̀ ti rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà nílé ìwé ló ń kọ ọ́. Obìnrin náà sì ń fi owó ránṣẹ́ fún ẹni tí yóò gba ipò ìyàwó ilé lọ́sàn-án ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti rẹ̀ kò lè tọ́jú ẹlòmíràn. Kí òjò tó dá lọ́dún náà, egbò ti ń san.

Àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà ní 2016. Nàìjíríà ṣòfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ ní 2017. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí tó wà nínú yàrá ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni aláyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ń bẹ lẹ́yìn odi, bí ẹ bá pe ilé, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá Màmá wà dáadáa. Ẹ béèrè ẹni tó wo ẹ̀yìn wọn lánàá, àti ohun tó rí níbẹ̀.