Òrùka Ni Kí Ẹ Yàn Fún Àwọ̀ Yín, Ẹ Má Yan Àwọ̀ Fún Òrùka

A mọ̀ pé ẹlòmíràn á rí àkọlé yìí, á ní, "Ọ̀rọ̀ òrùka ló tún kù tí Pásítọ̀ ń sọ? Ṣé ìwàásù ti tán ni?" Kò tán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ yìí kan òrùka, ó kan awọ ara, ó sì kan ẹ̀ṣẹ̀ kan tí àwa fúnra wa dá lórí pẹpẹ. A ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tó ni ìtàn náà kí a tó kọ ọ́, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Arábìnrin náà jẹ́ ọmọ Oǹdó, Àkúrẹ́ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́, ìjọ wa ló sì ń wá. Inú ìjọ náà ni arákùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wà. Ẹ̀gbọ́n arákùnrin yìí ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì ṣèlérí pé òun máa fi òrùka platinum méjì ta wọ́n lọ́rẹ fún ìgbéyàwó. Ẹ̀bùn tó bá ibi tó ti wá mu ni, torí pé nínú gbogbo platinum tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ lágbàáyé, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti Gúúsù Áfíríkà wá. Ọdún 1924 ni Hans Merensky rí ibi tí òkúta tó ní platinum pọ̀ sí gan-an níbẹ̀. Gbogbo ohun tó kù fún àwọn ọmọ wa méjèèjì ni kí wọ́n wọn ìka, kí wọ́n sì mú irú èyí tí wọ́n fẹ́.

Ni arábìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti gbé òrùka funfun sọ́wọ́ wò. Ẹni tó ń tajà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, platinum kì í bá dúdú lọ o. Àwọn pupa ló ń yẹ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ara yín mọ́ díẹ̀ ná." Bẹ́ẹ̀ ló ta ike ìpara kan fún un, èyí tí wọ́n pò fúnra wọn, kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Oṣù mẹ́rin ló kù kó ṣègbéyàwó.

Àwa ò mọ nǹkan kan. Ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n wá, ìyàwó wa ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ojú ọmọ náà ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé oríkèé kì í parọ́. Ìyàwó wa ní, "Ọmọ mi, gbé ọwọ́ rẹ wá." Ó kó ọwọ́ sábẹ́ báàgì. Nígbà tó yá, omi bọ́ lójú rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un. A ti dé Jeremáyà orí 13, níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ará Etiópíà lè pa àwọ̀ ara rẹ̀ dà. Ọmọ náà gbé orí sókè, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́."

A ní, "Àwa? Níbo?"

Ó rán wa létí. Ọdún méjì ṣáájú, níbi ètò àwọn ọ̀dọ́, a pe arábìnrin pupa kan bọ́ síwájú láti fi ṣe àpẹẹrẹ. A ní, "Ẹ wo apọ́nbéporẹ́! Irú èyí ò nílò ààwẹ̀ kó tó rí ọkọ." Ìjọ rẹ́rìn-ín. A tún fi kún un pé, "Ẹ̀yin dúdú, ẹ yáa fi kún àdúrà yín." Ìjọ tún rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó gba ọrẹ, a ti gbàgbé. Ọmọ yìí wà ní ìlà kẹta, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù, àmọ́ kò gbàgbé. Àwọn baba wa ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ má bínú sí òwe náà, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹnu wa wọhò. Ẹ̀yin ará, nígbà tí àwa gba Jésù ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ìjọ ní agbègbè wa kò gba òrùka àti yẹtí rárá. Ìjọ mìíràn ń fi Bíbélì so tọkọtaya pọ̀ dípò òrùka. Àwa náà wà lára àwọn tó ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n bọ́ ti ọwọ́ wọn sílẹ̀. Lónìí a ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, a ti gbà pé ọ̀ràn ọkàn ni. Àṣé a kúrò lórí òrùka, a bọ́ sórí awọ tí Ọlọ́run fi bo ọmọ rẹ̀. Òrùka, èèyàn lè bọ́ ọ. Awọ ńkọ́?

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gba ojú ọ̀nà Oǹdó, a kọjá Ọ̀wẹnà, a lọ kí ẹbí ọmọ náà nítorí ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, adúmáadán ni, dúdú rẹ̀ ń dán bíi kóró iṣin. Màmá gbé iyùn tí wọ́n fi ṣe ìyàwó fún òun jáde, wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ló máa lò ó. Wọ́n gbé e sí ọrùn ọmọ náà. Ojú pupa, ọrùn dúdú, iyùn sì wà láàárín. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Pásítọ̀, iyùn yìí ò mọ èyí tó máa bá lọ nínú ẹni méjì yìí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìlú tí ìtàn sọ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé níbẹ̀, Púpùpú, ìlú tí olóyè obìnrin tí wọ́n ń pè ní Lóbùn ṣì ń kó ipa pàtàkì nínú ìfijoyè ọba, ibẹ̀ ni ọmọ wọn ti ń tijú awọ tó bá wọn wá sáyé. Òwe kan ló ń sọ nínú wa títí a fi padà dé Àkúrẹ́: ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ní kó lọ rí dókítà awọ ara. A ò sọ fún un pé kó kàn da ìpara náà nù kó máa gbàdúrà lọ. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń po oògùn stẹ́rọ́ìdì mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpara wọ̀nyí. Ó ń mú kí awọ fẹ́lẹ́, kí ọgbẹ́ má tètè jinná, bí èèyàn bá sì ṣàdédé dá a dúró lẹ́yìn tó ti lò ó pẹ́, ara lè wú, kó máa ta. Haidirokuínóònù tó bá pẹ́ lára lè dá àbààwọ́n dúdú sílẹ̀ sí ojú tí èèyàn ń wá kó mọ́. Mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. NAFDAC pàápàá kéde lọ́dún 2023 pé bíbó ara ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní ilẹ̀ wa.

Lẹ́yìn náà, a padà sórí òrùka, torí pé irọ́ tí wọ́n pa fún ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀. Ìyàwó wa mú òrùka fàdákà kan àti ti wúrà kan jáde. Àwọ̀ fàdákà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù sún mọ́ ti platinum gan-an, a lè fi dán an wò. A mú ọmọ náà bọ́ síta ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, a ní kó ká apá aṣọ sókè, kó gbé òrùka lé ibi tí ìpara kò dé. Ẹ̀yin ará, funfun yẹn yọ lórí dúdú yẹn! Kò sẹ́ni tó kọ́ wa kí a tó pariwo. A ní kó gbé òrùka kan náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti pọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọmọ náà wo dígí, ó dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a ti kọ́. Bó o bá dúdú, platinum tí wọ́n kàn dán dáadáa ti tó. Kódà bí òrùka náà bá tín-ín-rín, á hàn, torí àwọ̀ méjèèjì jìnnà síra. Bó o bá pupa rúsúrúsú bí ẹ̀pà yíyan, wo èyí tí wọ́n fi ìlà wúrà díẹ̀ sí lára, á bá ara rẹ mu. Bó o bá pupa gan-an, òrùka funfun tó tín-ín-rín lè sọnù lọ́wọ́ rẹ. Mú èyí tó fẹ̀ díẹ̀ tàbí tó ní òkúta, tàbí kó o mú wúrà. Má ṣe yàn án lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Gílóòbù tó pọ́n á mú kí gbogbo nǹkan dà bíi wúrà, èyí tó funfun á mú kí ọwọ́ rẹ rí bí eérú. Bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gbé ọwọ́ lé aṣọ funfun, kó o sì wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Kò sí àwọ̀ kan tí Ọlọ́run dá tí platinum kò ní yẹ bí a bá mọ̀ ọ́n yàn. Ẹni tó bá ní kó o kọ́kọ́ bóra ná, ọjà ló ń tà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Lára platinum gidi, wọ́n máa ń tẹ Pt950 tàbí 950 sínú òrùka, ìyẹn ni pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ platinum. Bó bá jẹ́ 925 lẹ rí, fàdákà ni. Wúrà funfun tún yàtọ̀. Wúrà tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn ni, tí wọ́n sì sábà máa ń fi rhodium bò. Bí ìbòrí náà bá ṣí, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, bí níkẹ́ẹ̀lì bá sì wà nínú rẹ̀, ó máa ń yún ẹlòmíràn lára. Platinum wúwo ju wúrà lọ, ọwọ́ yóò sọ fún yín. Ohun mìíràn tún ni pé iná tó ń yọ́ wúrà ní 1,064°C kò lè yọ́ platinum, tó jẹ́ pé 1,768°C ló tó yọ́. Kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ wúrà ló ní iná rẹ̀, àtúnṣe lè ṣòro. Nítorí náà, ẹ wọn ìka yín dáadáa, ẹ wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ooru máa ń mú ìka wú. Bí owó ò bá sì ká platinum, fàdákà dára, irin tí kì í dípẹtà náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti pè é ní irin, kí wọ́n sì tà á ní iye irin.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24, ìránṣẹ́ Ábúráhámù gbé òrùka wúrà àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì fún Rèbékà. Kí ló wò kó tó gbé e jáde? Ó wo bó ṣe fún òun àti àwọn ràkúnmí lómi. Kò sí ibì kankan tó ti béèrè bóyá ó pupa. Obìnrin inú Orin Sólómọ́nì orí 1 náà sọ fúnra rẹ̀ pé òun dúdú, òun sì lẹ́wà. Àwa tá a ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, àwa náà la tún ń fi dúdú ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a dúró níwájú ìjọ, a tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ bí a ṣe sọ ọ́, a sì tọrọ àforíjì. A ò fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá bá wa, ó di ọwọ́ wa mú. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ tèmi. Bàbá mi ni." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ ká sùn lóru ọjọ́ náà.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àwọ̀ ojú ọmọ náà ti ń padà bọ̀, dókítà ní á gba sùúrù. Lọ́jọ́ náà, oríkèé ìka rẹ̀ ṣì dúdú nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ti òrùka bọ̀ ọ́. Kò kó ọwọ́ pa mọ́. Iyùn màmá àgbà náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ ìdána.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Ìwọ tó ò ń ka èyí tí ìpara sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ, a ò ní dá ọ lẹ́jọ́, lọ rí dókítà kó o tó dá a dúró, kó o sì wá bá wa, àwa àti ìyàwó wa á gbà ọ́.

Olúwa, dárí jì wá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ba ohun tí o dá jẹ́. Wo ara àti ọkàn gbogbo ẹni tí ẹnu wa ti ṣá lọ́gbẹ́ sàn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.