Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àgbádárìgì nínú Chevrolet ọdún 1973

Agogo mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo ṣáná sí Chevrolet Impala mi ní Ẹ̀gbẹ́dá nílùú Èkó, Àgbádárìgì ni mo forí lé. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà wa ní Alímọ̀ṣọ́ á ti mọ ìdí tí mo fi tètè gbéra. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, súnkẹrẹ fàkẹrẹ láti Ìdímù dé Ìkòtún kì í ṣe kékeré, ọkọ̀ tó gùn ju mítà márùn-ún àbọ̀ lọ kò sì rọrùn láti yí láàárín dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ọdún 1973 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Sìlíńdà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ìjókòó iwájú kò pín sí méjì, èèyàn mẹ́ta ń jókòó síbẹ̀ láìfún ara wọn, gíà sì wà lára ọ̀pá ìdarí. Ọwọ́ àwọn ọmọ bàbá kan ní Abẹ́òkúta ni mo ti rà á lẹ́yìn tí bàbá wọn papò dà. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ìdarí rẹ̀ wà lósì kò bá ojú ọ̀nà wa mu. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lè rà á láìfòyà.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mi ló bá mi lọ. Bàbá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ara Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen ayé ọjọ́un, ló sì ti mọ kabúrétọ̀ àti kọ́ńtáátì. Kí a tó gbéra, Bàbá ní kí ọmọ náà ṣí ìdérí dístríbútọ̀, kí ó fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ra ojú kọ́ńtáátì méjèèjì títí wọ́n á fi dán. Ọmọ náà wá ki etí páálí ìṣáná bọ àárín wọn láti fi wọn àlàfo. Tí àlàfo yẹn bá fẹ̀ jù tàbí tó há jù, iná plọ́ọ̀gì kò ní já lásìkò, ẹ́ńjìnnì á sì máa kọsẹ̀. Nígbà tí mo ṣáná sí i, Bàbá tẹ́tí díẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ẹ máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.”

Ìdímù la ti ra epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá ń ro ìrìn kó tó rìn. Epo náà ló sì wà nídìí ìtàn ọkọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, owó àgbá epo kan sì fò láti nǹkan bíi dọ́là 3 kọjá 11 láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ kékeré. Lọ́dọ̀ tiwa, owó epo yẹn kan náà wọlé bí òjò. Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé wọn. Ohun tó lé ọkọ̀ ńlá kúrò lójú títì lọ́hùn-ún ló sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ lè tó níbí.

A ò tíì dé ráńdabáòtù Ìkòtún tí ọkọ̀ fi há mọ́ ọkọ̀. Oòrùn ti yọ, ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ta sí wa lójú, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irú ọkọ̀ báyìí kò fẹ́ràn kí ó dúró lójú kan nínú ooru. Epo inú páìpù á gbóná, á di oru, pọ́ńpù kò sì lè fa oru bó ṣe ń fa epo. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ ra píọ̀ wọ́tà méjì lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á, ó rẹ àkísà, ó wé e mọ́ páìpù epo, ó sì rọra ń ta omi sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò,” ló wí. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kọ̀ndọ́tọ̀ tó ti ń pariwo mọ́ wa ló tún pàtẹ́wọ́.

Ní Ìgándò, bàbá kan na ọwọ́ sí wa kí a dúró.

“Ẹ kú ìrìn o. Impala rèé, àbí?”

“Impala ni, Bàbá.”

Ó ní òun wa irú rẹ̀ fún ọ̀gá òun ní Àpápá nígbà èwe. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé jókòó. Kò wo ibì kankan: ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí gíà lára ọ̀pá ìdarí, ó fà á wá sísàlẹ̀, ó tún dá a padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún wa títí. Irú ayọ̀ yìí kò sí nínú ọkọ̀ tuntun kankan tí mo ti wà rí.

A gba ẹ̀gbẹ́ yunifásítì LASU já sí Ìyànà-Ìba. Bí a bá yà sí apá Máìlì Tù, a ó kan ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní oṣù Kẹta, ọdún 1975. Oṣù yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ méjèèjì yìí gba ìgboro, ẹ̀yà ara wọn kún ọjà, ti Amẹ́ríkà sì di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ń wá rọ́bà kan kiri ọjà Ládípọ̀ kí n tó rí èyí tó bá a mu.

Apá Àgbádárìgì ni àwa yà sí. Lẹ́yìn Àgbárá, títì là sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ohùn tó ń ti abẹ́ ẹsẹ̀ wá. A ṣí gbogbo fèrèsé. Igi àgbọn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, ọmọ iṣẹ́ ń kọrin. Nígbà tí a dé Àgbádárìgì, tí a dúró nítòsí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní 1845, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò: omi kò jò, òróró kò jò.

Mo mọ ọ̀pọ̀ ilé tí irú ọkọ̀ yìí wà lábẹ́ tapólì, tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Ìdúró ló ń pa á. Rọ́bà á gbẹ, epo á bàjẹ́ nínú tánkì, bíréèkì á lẹ̀. Ọmọ tí yóò mọ bí a ti ń tún un ṣe kò sì ní rí ohun tó máa fi kọ́ṣẹ́, àwọn bàbá tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà lọ. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ tú epo àtijọ́ dànù, ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà, ẹ pe bàbá mẹkáníìkì kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde.